Ìdánwò Pressure

Ìwé tí bàbá onílé lẹ̀ mọ́ ara ògiri láàárọ̀ ọjọ́ náà kò gùn. Ẹni tó bá kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní "pressure" tó dára jù ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé.

Alátáyà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń lẹ táyà lábẹ́ igi. Òjò ti lu ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn títí tó fi ń wúkọ́ bí arúgbó. Bí òjò ọdún yìí bá tún bá a níta, iṣẹ́ parí nìyẹn.

"Ọ̀rọ̀ tèmi rèé!" ló wí. "Ta ló tún mọ pressure ládùúgbò yìí?"

Bó ṣe ń gba ẹnu géètì wọlé, ọ̀dà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun géètì náà lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Ó wo ọ̀dà náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Nọ́ọ̀sì, púlọ́mbà àti aránṣọ ti jókòó ní pálọ̀. Bàbá onílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí i láìdé e.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ tèmi sórí fóònù, sà," nọ́ọ̀sì bẹ̀bẹ̀.

"Rárá o. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Kí oníkálukú kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sókè ìwé, kó tó kọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kọ nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ara iṣan. Púlọ́mbà kọ nípa agbára tó ń gbé omi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Aránṣọ kọ ọ́ pé ohun tí ìyá ọkọ òun ń fún òun ni, láràárọ̀ tó bá ti wo ikùn òun.

"Èyí kì í ṣe ìtumọ̀, ẹjọ́ ni," púlọ́mbà wí.

"Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó dájọ́," aránṣọ dá a lóhùn.

Alátáyà kọ tirẹ̀: atẹ́gùn tó ń mú táyà dìde dúró ni, tó bá kéré, mọ́tò á máa tiro, tó bá pọ̀ jù, á bú gbàù. Ó wá fi ìrù kan sí P rẹ̀ nídìí, ó ká a kóróbójó bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.

"Ìrù wo tún nìyí?" aránṣọ bi í.

"Oge ni. Kò sẹ́lòmíì tó ń kọ P báyìí ní gbogbo àdúgbò."

Bàbá onílé gba ìwé wọn. Ó wo ìwé, ó wo fóònù. Ó wo ìwé, ó wo fóònù.

"Ìtumọ̀ ló ń wá níbẹ̀," Alátáyà sọ wúyẹ́wúyẹ́ sétí púlọ́mbà.

Nígbà tí bàbá dé orí ìwé Alátáyà, ó dúró. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa lọ ilé. A ti rí i."

Alátáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja débi pé ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí ojú ihò táyà já bọ́ lápò rẹ̀. Ó dìde sórí eékún, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Dípò kọ́kọ́rọ́, fóònù ni bàbá onílé gbé lé e lọ́wọ́: àwòrán géètì náà ló wà lójú rẹ̀, kí wọ́n tó kùn ún, tí ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé, "BÀBÁ ONÍLÉ, ORÍ YÍN PÁ JU TÁYÀ TÓ TI JẸ TÁN LỌ," ìrù P rẹ̀ sì ká kóróbójó bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀.