Igi Àgbọn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Tàńtí Nadège kì í dáhùn ìbéèrè. Bí ọmọdé bá bi í pé kí ló dé tí èèrà fi ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òun náà á bi í padà: "Báwo ni a ṣe lè mọ̀?" Gbogbo wọn á sì lọ lóṣòó ti èèrà títí agogo á fi lù. Àyìsátù, ìyá àgbà tó ń se oúnjẹ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà ní Odomèta, máa ń rẹ́rìn-ín pé òun ò tíì rí olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń kọ́ níṣẹ́ rí.

Ẹ̀rín náà dá lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tí Fọlákẹ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, béèrè ta ló ni igi àgbọn ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Báwo ni a ṣe lè mọ̀?" ni Tàńtí Nadège wí.

Arnaud, ọmọ ọdún márùn-ún bíi Fọlákẹ́, ní gbogbo igi ló ní ẹni tó ni ín. Ọ̀pẹ kan ni tòun, orí olóbi òun ni wọ́n gbìn ín sí. Tàńtí Nadège, ọmọ Kutọnu, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí pé bí olóbi bá ti tẹ̀ lé ọmọ jáde, wọ́n á sin ín, wọ́n á sì gbin igi lé e. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí oníkálukú lọ béèrè igi rẹ̀ nílé, kó já ewé kan wá. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbẹ́ ìdí àgbọn náà wò.

Àyìsátù gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Kí orúnkún dídùn tó lé e sídìí ìkòkò, ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí. Òun ló gbin àgbọn náà, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Pélagie aránṣọ ló bímọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà. Ó dákú lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó jí, wọ́n ní ọmọ ò dúró. Wọn kì í fi irú òkú bẹ́ẹ̀ han ìyá. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ló wá béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ òun sí, Àyìsátù sì nawọ́ sí ìdí àgbọn.

Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Pélagie ń gbé omi wá dà síbẹ̀. Tàńtí Nadège rò pé igi ló ń bomi rin. Bí Pélagie bá ti ń bọ̀, Àyìsátù á ké sí Fọlákẹ́ pé kó wá bá òun ṣa ẹ̀wà. Ọmọ yẹn nìkan ló máa ń ké sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fọlákẹ́ kò jẹun.

"Ìyá àgbà, igi tèmi ńkọ́?"

"Pobè ni ìyá rẹ bí ọ sí. Ibẹ̀ ló wà."

"Báwo ni a ṣe lè mọ̀?"

"Jẹ oúnjẹ rẹ."

Falilatou ni ìyá tó wí yẹn, ọmọ kan ṣoṣo tí Àyìsátù bí. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ọmọ nílé ọkọ kó tó rí Fọlákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì Àyìsátù lọ bá Tàńtí Nadège. Ó ní kí wọ́n fi àgbọn náà sílẹ̀, pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá má bínú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti béèrè. Láti ọjọ́ náà, bí Àyìsátù bá ń ro ẹ̀kọ, ìró ọkọ́ ló ń gbọ́ nínú ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, gbogbo Odomèta á mọ̀. Pélagie tó rọ̀ mọ́ ìdí igi yẹn, kí ni yóò tún rọ̀ mọ́?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ewé ti kún ara ògiri. Àyè Fọlákẹ́ nìkan ló ṣófo. Arnaud ní ewé kan ṣoṣo lòun mú wá, nítorí àbúrò òun tó kú kò ní igi.

"Màmá mi ní wọn kì í gbin igi lé òkú ọmọ. Alààyè ló ń ní igi."

Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí nílé àwọn. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n tò lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Pélagie ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ike omi rẹ̀.

"Tàńtí Pélagie," ni Arnaud wí, "alààyè ló ni igi yìí. Gbogbo ilé la bi."

Pélagie rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó yíjú sí Àyìsátù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi gbìn ín?"

Àyìsátù wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbìn ín lé olóbi lọ́jọ́ náà, bó ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó bá wà láàyè, kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Pélagie gba ọkọ́ lọ́wọ́ Arnaud. Ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì ń ṣàn. "Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ," ó ní, "ká lè mọ̀."

Àyìsátù wo omi náà bó ti ń wọnú ilẹ̀ tí kò sí òkú kankan nínú rẹ̀, ó sì ké sí Fọlákẹ́ tó ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná pé kó jáde, kó wá kí ìyá tó bí i.