Abẹ́rẹ́ Tó Wà Nínú Fíríìjì

"Adébísí! Abẹ́rẹ́ àbúrò mi lo ń gún fún ológbò?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń pariwo. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀kadà ti Kuta wọ Ìwó. Wọ́n bá mi nílẹ̀ kíṣíìnì, mo di ológbò mú, abẹ́rẹ́ ti wọ awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

"Ẹ rọra, Màmá. Ariwo yín ń dẹ́rù bà á."

"Ṣé orí ẹ pé? Ìtọ̀ ṣúgà ti fọ́ ojú ọkọ ẹ!"

"Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe òun náà. Dókítà ẹranko ní kí n máa gún un, òun sì gbọ́ràn."

"Apànìyàn! Ológbò ń sanra, àbúrò mi ń kú lọ!"

Mo ṣí fíríìjì, mo fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tuntun, mo gba yàrá lọ. Màmá ń tẹ̀ lé mi, èébú ò kúrò lẹ́nu wọn.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Ìníolúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gún yín lónìí. Ẹ̀gbọ́n yín náà ti dé, wọ́n á bá mi bẹ̀ yín."

Ọkọ mi ń fọwọ́ wá ọwọ́ mi. Ó rí i, ó tì í dànù.

"Mo ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti wò mí sàn. Lọ gún ológbò."