Ìjókòó Ìyá Àgbà

Ìyá Mofóyèkẹ́ dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn, bí ó ti máa ń ṣe tó bá ń lọ ra àlùbọ́sà ní Kánò. Ẹ̀rọ bi í pé, "Màmá, ṣé èyí tó dínwó ni, àbí ìjókòó ìyá àgbà?"

Ìjókòó olówó gọbọi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló ń kó máìlì, ìyẹn àmì ìrìn-àjò, pamọ́ fúnni lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú tó ń ré òkun kọjá, owó kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè òkun mọ́, àfi máìlì. Ẹni tó bá ní ọmọ-ọmọ láti wẹ̀ lókè òkun ló ń jókòó síbẹ̀. Òrí àti kànìnkànìn tuntun ti wà nínú báàgì màmá láti ìgbà tí Mofóyèkẹ́ ti lóyún ní Tòróńtò.

Kí ó tó dáhùn, fóònù dún. Mofóyèkẹ́ ni.

"Màmi, ẹ ra èyí tó dínwó lónìí."

"Kí ló dé? Ṣé o ti bí?"

"Mo bí i lánàá, mà. Kò dúró."

 

"Omi ló dànù, ọmọ mi. Agbè kò fọ́."

Màmá tẹ ìjókòó ìyá àgbà.

"Màmi, mo ní kò nídìí mọ́."

"Ta ni yóò wá wẹ ìwọ?"

Ẹ̀rọ ní tó bá ń jókòó síbẹ̀ lọ Kánò, máìlì Tòróńtò yóò pé nígbà ọyẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni.

"Gbé omi kaná," ni màmá wí, "kí o rọra máa fi jó ikùn rẹ ná. Mo ń bọ̀."