Tíṣà Tó Ń Kọ Ohun Tọ́mọ Ti Mọ̀

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin o, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

1.
Tíṣà kan ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ kọ àfojúsùn sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun pàtó tójú lè rí, tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ọmọ tẹ̀ síwájú. Kò sí ọmọ rẹ̀ tó kùnà rí, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Àṣeyege. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n burúkú tó ń dá: á kọ́kọ́ dán ọmọ wò, ohun tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe ni á kọ pé òun fẹ́ kọ́ ọ.

2.
Aránṣọ kan ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì yìí, ọmọ tí nǹkan kì í tètè yé. Ọmọ náà ti ń ṣa òwú pupa àti dúdú fún ìyá rẹ̀ kó tó wọ iléèwé rárá. Àṣeyege kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé yóò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Lọ́dún kejì, ó ní yóò mọ bọ́tìnì í dè. Ọmọ aránṣọ o!

Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé nọ́ńbà ara téèpù ni kó kọ́ ọ, torí ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá kan ṣèlérí láti gbà á bó bá lè wọn aṣọ.

"Ìyá aránṣọ, tí mo bá kọ ọ́, tí ò wá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ni?"

3.
Lọ́jọ́ ìdánwò ní ilé iṣẹ́ aránṣọ náà, wọ́n fún ọmọ ní téèpù. Ó wé e mọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n mú. Ọmọbìnrin náà sunkún títí oorun fi gbé e lọ. Ìyá ò sunkún. Inú ló gbé e sí.

4.
Wọ́n fẹ́ fi Àṣeyege ṣe ọ̀gá gbogbo tíṣà irú àwọn ọmọ yìí, ló bá gbé aṣọ wá fún aránṣọ kó rán an fún ọjọ́ ayẹyẹ. Obìnrin náà ní kó má ṣèyọnu, òun ti rán aṣọ fún un rí, òun mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n ayé ìgbà tó ṣì tínrín bí ìgbálẹ̀ ló fi rán an, àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ náà gan-an ló sì gbé e fún un.

Bó ṣe tẹríba kí àwọn àlejò, ṣòkòtò ya pẹ̀rẹ̀. Ó fi ìbínú yíjú sí aránṣọ láàárín àwọn òbí.

"Ṣé ẹ ò wọ̀n mí ni?"

"Mi ò wọ̀n yín, tíṣà. Ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo rán, kí n má baà kùnà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fọ́mọ mi tíṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àwọn àlejò ní kí aránṣọ ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé. Bàbá kan dìde, ó ní àfojúsùn ọmọ tòun ni pé kó mọ ṣíbí í mú, ọmọ tó ti ń fi ṣíbí jẹun láti ilé. Ni àwọn òbí yòókù bá ń dìde. Ipò bọ́ lọ́wọ́ Àṣeyege, nígbà tí wọ́n sì wádìí tán, iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ náà bọ́.

Àṣeyege wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ìyá bá òun bẹ àwọn tó lé òun. Obìnrin náà ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ kọ́kọ́ dá ọdún ọmọ mi padà."

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tọ́mọ kò tíì mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ. Ẹ má fi ayé ọmọ ọlọ́mọ ra orúkọ fúnra yín, torí ìyá rẹ̀ ń wò yín. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.