Ìdánwò Tí Kò Lè Wáyé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ kíláàsì àwọn àgbà nu pátákó, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní ìdánwò kẹta yóò wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ọjọ́ wo ni, mà?" Obìnrin kan tó máa ń ti ilé ìwòsàn wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ló béèrè. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é.

"Láàárín ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ ọjọ́ náà títí yóò fi dé bá yín."

Kíláàsì kùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, tí kì í ṣe lọ́yà rárá. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó gbàgbé ilé-ìwé, kó wá jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa rán bọ́tìnnì.

Bí a ṣe ń yẹ àríyànjiyàn wò ni wọ́n ń kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Lọ́yà sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ wò ó," ni olùkọ́ wí. "Ẹni tó bá pẹ́ máa ń sáré. Lọ́yà sáré wọlé. Ṣé ó pẹ́ nìyẹn?"

"Ó pẹ́ o!" ni kíláàsì dáhùn.

"Mi ò pẹ́, mà. Ajá ló lé mi."

Wọ́n wo aago. Ó ṣì ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìpìlẹ̀ méjèèjì, ìyẹn gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀, dára," ni olùkọ́ wí, "ṣùgbọ́n wọn ò gbé ìkádìí yín. Nǹkan mìíràn wà tó lè mú èèyàn sáré."

Ìdánwò kò wáyé lọ́jọ́ náà. Kò wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, kí olùkọ́ tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, Lọ́yà ti dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò lè sí ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ní a ò ní mọ ọjọ́ náà ṣáájú. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá láìsí ìdánwò, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló kù, gbogbo wa á sì ti mọ̀. Nítorí náà, kò lè jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A yọ ọ́."

"Mò ń gbọ́."

"Ó wá ku òní àti Ọjọ́bọ̀. Bí òní bá kọjá, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló kù, a tún ti mọ̀. A yọ òun náà. Ó ku òní. Bó bá sì jẹ́ òní nìkan ló kù, a ti mọ̀ nìyẹn! A yọ òní. Ìdánwò wá dà?"

Kíláàsì pàtẹ́wọ́.

"Ẹnu ẹni tó gba méjì nínú mẹ́wàá kọ́ rèé o," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé ibì kan ń jò."

"Níbo?" ni Lọ́yà béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ó kàn ń jò ni."

"Ìyẹn kì í ṣe ìdí, Nọ́ọ̀sì. Ẹ fún wa ní ìdí!"

Olùkọ́ jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Lọ́yà, ìgbà wo lo ro gbogbo èyí?"

"Láti àná ni, mà. Mi ò ro nǹkan mìíràn."

"Ó dáa. Ọ̀gá ilé-ìwé kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé ló máa ń béèrè. Kí kálukú mú ìwé kan, kó kọ orúkọ rẹ̀ sókè, kó to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ: ìpìlẹ̀, ìdí, ìkádìí. Ẹni tó bá rí ibi tó ń jò, kó kọ ọ́."

"Ṣé ká jọ kọ ọ́, mà?"

"Rárá. Èèyàn méjì lè fẹnu kò sórí ìkádìí kan náà kí ìdí wọn má bára mu. Ẹ sún kúrò lọ́dọ̀ ara yín díẹ̀."

Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló pín ìwé. "Ẹ kọ ọ́ dáadáa o, ẹ má bà mí jẹ́!" Wọ́n kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Olùkọ́ ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí aago lù, Lọ́yà fa ìlà méjì sábẹ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀: *Nítorí náà, kò lè sí ìdánwò.*

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fagi lé ìdánwò o!"

"Ta ló fagi lé e?"

"Èmi ni!"

Nínú kíláàsì tó ti ṣófo, olùkọ́ mú ìwé Lọ́yà láàárín àwọn yòókù, ó yọ bírò pupa, ó sì kọ ọ́ sókè pé: "Ìdánwò kẹta, Ọjọ́rú: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, gbólóhùn tó kẹ́yìn nìkan ni kì í ṣe òótọ́."