Irin Tó Dá Ihò

Bí àbúrò rẹ̀ ṣe yíjú, ayọ́rin àgbà rọra yẹ ìdérí ìléru sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ̀ pé náítírójìn inú afẹ́fẹ́ yóò wọ inú irin àti níkẹ́lì tí àbúrò náà ń yọ́, yóò sì dá ihò sí i lára. Owú ń jó o nínú: àbúrò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí lé e lórí!

Nígbà tí irin tutù, wọ́n là á. Ihò kún inú rẹ̀ bí afárá oyin.

"Iṣẹ́ àbúrò mi nìyẹn, sà," ló tètè wí.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà mirí. "Ó ti kọ ipò náà láàárọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló tọ́ sí, pé kí n kọ irin yìí, tí a fẹ́ fi yan olórí, sórúkọ yín."

"Ẹ̀bi tèmi ni, sà," ni àbúrò náà wí. Kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.