Táyé Inú Fọ́tò

Waliyah wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Itamaga pẹ̀lú fọ́tò kan nínú àpò. Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́ta, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, orí bẹ́ǹṣì kan náà.

Kẹ́hìndé ni Waliyah. Gbogbo ilé ló ń sọ fún un pé Táyé kò pé oṣù kan tó fi kú. Àfìgbà tí ìyá wọn ṣaláìsí ló rí fọ́tò yìí nísàlẹ̀ àpótí. Ọmọ tí kò pé oṣù kan kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbé Táyé fún ẹlòmíràn ni. Waliyah ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ní ìyá kejì láyé.

Orúkọ Ògúnsànyà tó ya fọ́tò náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ẹ rántí, bàbá?"

"Mo rántí."

"Ibo ni wọ́n gbé Táyé lọ?"

Ó ní kí Agnes, ìyàwó rẹ̀, gbé kámẹ́rà wá.

"Ìyálé mi nìyẹn o," Agnes sọ fún Waliyah. "Kò sọ́jọ́ tí kì í nù ún."

Kámẹ́rà náà tóbi bí páànù bisikíìtì. Iwájú rẹ̀ ń nà, ó ń sún kì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àwo filáàṣì rẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Ọwọ́ oníwèé ìròyìn kan ni Ògúnsànyà ti rà á. Fíìmù kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, pẹlẹbẹ bí ìwé, pẹ̀lú ìdérí tí wọ́n ń fà yọ kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án. Ìdérí kan wà níbẹ̀ tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé kù sí ìdajì, kí ìdajì fíìmù nìkan lè rí ìmọ́lẹ̀.

"Fíìmù rẹ̀ ò sí mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Apá ọ̀tún."

Waliyah jókòó.

"Bó bá ti kú náà, bàbá, ẹ sọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

"Kí ló dé táwọn ọmọ yìí ò fara kan ara wọn?" Bàbá tọ́ka sí fọ́tò náà.

"Wọ́n á ti jà ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìbejì."

Agnes rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ìdajì ìdérí náà bọ ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Dìde, Kẹ́hìndé," ó ní jẹ́jẹ́, "lọ jókòó sápá òsì, bí ìyá rẹ ṣe ní kí o ṣe lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìwọ nìkan bá a wá."